Igi Abẹ́ Lẹ́tà Bàbá

Òórùn tòmátì tó ti rà ló máa ń wọlé bá wa n'Ikosi tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ láti apá Mile 12. Tí òjò bá tún rọ̀ lé e, òórùn yẹn á jókòó ti èèyàn bí àlejò tí ò fẹ́ lọ. Inú rẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ náà, tí mò ń dirun fọ́mọ mi, tí ọkọ mi fi pè mí pé àwọn kan fẹ́ kó gbogbo lẹ́tà bàbá òun jọ, kí wọ́n fi tẹ ìwé.

Ayàwòrán ni bàbá ọkọ mi kí wọ́n tó dolóògbé. Òkè, odò, igbó, ìyẹn ni tiwọn. Wọn kì í ya èèyàn. Odò tó gba Ajegunle ẹ̀gbẹ́ Mile 12 wa níbí kọjá, wọ́n yà á títí wàá fi rò pé ó mọ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tí ìyá ọkọ mi ṣì wà lábúlé l'Ókè-Ògùn, lẹ́tà ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí wọn. Màmá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí aṣọ wọn, wọ́n sì gbé e dání wá sọ́dọ̀ wa.

Màmá kọ̀. Ọkọ mi bẹ̀ títí, ó ní orúkọ bàbá òun á parẹ́ tí kò bá sí ìwé tó gbé e dání. Màmá ní gbogbo àwòrán Bàbá ti wà nílé onílé, lẹ́tà nìkan ló kù tó jẹ́ tòun. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí, àmọ́ kí n má parọ́, ó ń ṣe mí bíi kí n yọjú sínú àpótí yẹn.

Nígbà tó yá, Màmá, tí wọn ò mọ̀wé, ní kí n wá ka lẹ́tà náà sáwọn létí, káwọn tó mọ ohun táwọn máa wí. Mo tún ìjókòó ṣe, mò ń retí ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Iṣu ni mo bá pàdé. Iṣu, òjò, ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá àgbà, bá mi kí gbogbo ilé. Lẹ́tà kejì, iṣu náà ni.

Mo ní, "Màmá, ṣé iṣu yìí lẹ ò fẹ́ káyé rí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí wọn. Wọ́n wá fọwọ́ kan àwòrán kékeré tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà: òkè kan, igi kan, odò kan. Kò sí lẹ́tà tí kò ní tiẹ̀. Wọ́n ní láyé ìgbà yẹn, tísà ló ń bá àwọn ka lẹ́tà, gbogbo agbo ilé á sì pé jọ gbọ́ ọ. Ọkùnrin wo ló máa kọ tinú ẹ̀ síbẹ̀? Bí àwọn àgbà ṣe ń pàrokò, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe ń fi igi ránṣẹ́. Tí igi bá tẹ̀ sọ́dọ̀ òkè, àárò Màmá ń sọ wọ́n nìyẹn. Tí odò bá kan ìdí igi, wọ́n ti ń múra àtibọ̀ wálé. Tísà á ní àwòrán yìí mà dáa o, gbogbo ilé á ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá á sáré lọ rẹ́rìn-ín nílé ìdáná. Èyí tí igi fi di méjì, ìró ni wọ́n fi bojú, wọn ò sọ ọ́ fún mi.

Mo bi wọ́n bóyá ẹlòmíì mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n ní Bàbá nìkan, Bàbá sì ti lọ. Wọ́n ká lẹ́tà náà, wọ́n wá bi mí pé:

"Ìyàwó, ṣé wọ́n máa tẹ àwòrán náà síbẹ̀?"

Mo ní wọ́n máa tẹ̀ ẹ́.

"Sọ fọ́kọ ẹ kó wá kó o. Igi ni wọ́n máa rí."

Ìwé náà ti wà nílé wa báyìí. Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé ohun téèyàn bá fẹ́ kó jẹ́ tòun, àfi kó tì í mọ́ àpótí. Màmá ti gbé tiwọn sáàárín ọjà, tiwọn náà ló sì jẹ́. Ìjẹta ni ọmọ mi ṣí i, ó bi mí ìdí tí igi inú ẹ̀ fi di méjì. Mo ní, "Bàbá àgbà ẹ ló ń bá Màmá àgbà ẹ sọ̀rọ̀. Àwa kàn ń wo igi ni."