Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn Ọmọ Ogun Kan

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sẹ́ni tó mọ ìtàn kọ tó mi ní gbogbo Agbówó. Fíìmù fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, kásẹ́ẹ̀tì kún ọjà Dùgbẹ̀, kálukú sì ń wá ìtàn tó máa tà. Èmi mú ti ogun abẹ́lé, tó ti parí lé ní ogún ọdún nígbà náà. Bàbá onílé wa ṣe sójà nínú ogun ọ̀hún, àwọn ló sì sọ fún mi bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe kú létí odò. Wọ́n ní kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: omi. Kí àwọn tó bù ú dé, ó ti kú.

Omi kẹ̀? Ta ló máa ra fíìmù tí akọni inú rẹ̀ ń tọrọ omi kú? Mo kọ ojú ìwé méjì gbáko fún akọni tèmi: ó kí ìlú rẹ̀, ó ki oríkì bàbá rẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ fún ìyàwó òun pé òun ò sá.

Inú igbó kan lẹ́yìn Agbówó la ti yà á. Káfíńtà ló gbẹ́ ìbọn wa, bánga táwọn ọmọdé ń yìn nígbà ọdún la fi ṣe ìró rẹ̀. Bàbá bá wa lọ láti kọ́ àwọn òṣèré bí sójà ṣe ń di ìbọn mú. Nígbà tí òṣèré wa sọ ọ̀rọ̀ mi tán, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, àfi Bàbá. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Irú irọ́ tí mo pa fún ìyàwó ọ̀rẹ́ mi gẹ́lẹ́ nìyí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mi ò lè wo ojú obìnrin yẹn kí n sọ pé omi ló tọrọ, tí mi ò tètè dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi fíìmù yìí sọ ọ́."

Ó dùn mí wọra. Mo jiyàn, mo ní eré ni à ń ṣe. Nígbà tó yá, mo fọwọ́ ara mi fa ojú ìwé méjèèjì ya. A tún un yà. Òṣèré dùbúlẹ̀, ó ní, "Omi." Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wò ó ní pálọ̀ Bàbá, wọ́n ránṣẹ́ pe opó ọ̀rẹ́ wọn láti Ìwó Road, wọ́n sì sọ fún ìyá náà pé bí ọkọ wọn ṣe kú wà nínú rẹ̀. Nígbà tó kan ibi tí akọni ti tọrọ omi, Bàbá ń wo ilẹ̀. Ìyá náà dìde, wọ́n wọ kíṣìnnì, wọ́n bu omi sínú ife, wọ́n jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Mi ò tíì rí ohun tó tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Wọ́n wọlé, wọ́n kọjú sí Bàbá. "Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Látọjọ́ tí ẹ ti ní ó sọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ kó tó kú ni mo ti ń rò ó pé bóyá ẹlòmíì lẹ sin. Òní ni mo mọ̀ pé òun ni."

Bàbá sunkún bí ọmọdé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Mo ti ń sọ òwe yẹn tipẹ́ kí n tó rí i lójú.

Fíìmù náà ò fi bẹ́ẹ̀ tà. Mo ṣì ń kọ ìtàn fíìmù, mo sì ṣì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ bí akọni mi bá ti fẹ́ kú, mo máa ń dá bírò dúró, màá bi ara mi pé: ṣé ìyàwó rẹ̀ máa dá a mọ̀?