Igbe Ẹ́ńjìnnì

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi wa lọ́rì n'Íbàdàn, etí ló fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kó pààrọ̀ jíà. Nígbà tó wá kí mi ní Brandywine l'Amẹ́ríkà, Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì l'Oxon Hill ló ti ní:

"Ẹ́ńjìnnì yìí ń ké, mọ́tò ò sáré. Jíà ẹ̀ fẹ́ kú."

Inú bí mi. "Ẹ má fẹnu àgbà pe ikú sínú mọ́tò mi, Bàbá! Fúnra ẹ̀ ló ń pààrọ̀ jíà." Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù, mo sì yí orin ìyìn sókè kí n má baà gbọ́ igbe náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yí i sókè sí i.

Ní Sọ́ńdè kẹrin, mo tẹná lójú ọ̀nà márosẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì fò dé ibi pupa, ṣùgbọ́n ṣe ni mọ́tò ń rọlẹ̀. Tírélà kan kún inú dígí ẹ̀yìn mi. Mo pa orin. Igbe náà gba gbogbo inú mọ́tò. Mo wá rí ẹsẹ̀ òsì bàbá mi tó ń tẹ ilẹ̀ mọ́tò léraléra, ó ń wá kílọ́ọ̀ṣì tí kò sí níbẹ̀.