Ọta Bàbà Tí Kò Là

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ́fíìsì náà ní Yábàá, wọ́n fún mi ní àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, kọ̀ǹpútà kan tó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, àti àwòrán páálí ọta ìbọn tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà.

"Àǹtí Bísí, ẹ̀yin lẹ kọ́ fìsíìsì," ni Dàpọ̀, ọ̀gá wa, wí. Mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́. "Ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí máa yé jù."

Lóòótọ́, ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní fìsíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Sùúrùlérè kí wọ́n tó ní àwọn kò nílò mi mọ́. Ṣùgbọ́n n kò di ìbọn mú rí láyé mi. Ìbọn tí mo sún mọ́ jù ni ti ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ báńkì ní Ojú Ẹlẹ́gbà, kíákíá sì ni mo máa ń kọjá níwájú rẹ̀.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun tí wọn kò fẹ́ fúnra wọn dá oníbàárà lóhùn ló ń gbé e fún wa. Ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún mi ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ra bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ wọn mu. Ẹni tó wà lápá òsì ń bá àwọn tó ra ìkòkò sọ̀rọ̀. Èmi, ọta ìbọn ni wọ́n fún mi, ti àwọn ọdẹ ìlú òyìnbó. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé là ń pè ní tíkẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ti dáhùn, a ó pa á dé. Iye tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá pa dé lójúmọ́ ni Dàpọ̀ ń kọ síwájú orúkọ wa lára pátákó funfun kan, àfi bí ẹni pé a ṣì wà ní pírámárì.

Nígbà tí mo ròyìn iṣẹ́ náà nílé, wàhálà tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá onílé wa béèrè bóyá ọjà náà wà nínú yàrá mi.

"Mà, kọ̀ǹpútà ni mò ń tẹ̀."

"Ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ náà nìyẹn," ni màmá dáhùn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ náà sú mi.

Àwọn oníbàárà gan-an kò ràn mí lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọjà náà. Òjé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ ọta. Òjé rọ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni bó bá kù sínú ẹran tí ènìyàn fẹ́ jẹ. Kìkì bàbà ni ilé iṣẹ́ yìí fi ń ṣe tiwọn, wọ́n sì gbẹ́ ihò sí imú rẹ̀. Bó bá wọ ara ẹran, imú náà á là, á tẹ́ bí òdòdó, ẹran á sì ṣubú síbi tó dúró sí láìjẹ̀rora. Ṣùgbọ́n bàbà le. Bí ọta bàbà kò bá sáré tó, kò ní là, á kàn gba ara ẹran kọjá bí ìṣó. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọdẹ kan wà tí wọ́n fẹ́ ọta tí eré rẹ̀ kò tó ti ìró, nítorí èyí tó bá sáré ju ìró lọ á dún gbàù, á dààmú gbogbo àdúgbò. Nítorí irú wọn ni wọ́n ṣe ṣe oríṣi kan tó lè là bí kò tilẹ̀ sáré. Páálí aláwọ̀ ewé ni tirẹ̀. Aláwọ̀ búlúù ni ti eléré.

Ewé àti búlúù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló le níbẹ̀? Lójoojúmọ́ ni ẹnì kan ń kọ̀wé pé ọta òun pariwo, búlúù ló rà. Òmíràn ní tòun kò là, búlúù ló fi sínú ìbọn tó yẹ kó gba ewé. Ọkùnrin kan bi mí bóyá òun lè fi ọta náà ṣe ẹ̀gbà ọrùn fún ìyàwó òun. Mo dáhùn pé ó lè ṣe é, mo pa á dé, ó sì wọ pátákó Dàpọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Dàpọ̀ ní àlàyé ọjà tó wà lórí ìtàkùn ayélujára ilé iṣẹ́ ọta náà gùn jù lójú fóònù, wọ́n sì fẹ́ kí a gé e kúrú. Inú mi dùn gan-an ni. Iṣẹ́ tíṣà rèé! Mo jókòó tì í bí ẹni jókòó ti àròkọ ọmọ kíláàsì kejì, gbogbo àsọtúnsọ ni mo fagi lé. Dàpọ̀ pe gbogbo ọ́fíìsì kí wọ́n wá wò ó. Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìgbéraga.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà kí lẹ́tà àgbẹ̀ kan tó wọlé. Arúgbó ni. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó ló ń ba oko rẹ̀ jẹ́, ara ìyàwó rẹ̀ kò sì yá, kò fẹ́ ariwo létí rẹ̀. Páálí aláwọ̀ ewé ló rà, ó ya àwòrán rẹ̀ sínú lẹ́tà. Ó yin ẹlẹ́dẹ̀ kan níbọn, ó bà á, ẹlẹ́dẹ̀ náà sì rìn wọ igbó lọ. Ọjọ́ méjì ló fi tọpa ẹ̀jẹ̀ kó tó rí i, ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀. Ó wú ọta náà nínú ilẹ̀ níbi tó ti bà á, ó ya àwòrán òun náà. Imú rẹ̀ kò là rárá, ó rí bí ìgbà tó kúrò nínú páálí.

Kò béèrè owó rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tí òun ṣe tí kò dára.

A ní èsì kan tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún irú rẹ̀: ẹ ṣeun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka ara páálí dáadáa. Mo fi ránṣẹ́. Mo pa á dé. Ó tún kọ̀wé pé òun ti ka ara páálí. Mo tún fi èsì kan náà ránṣẹ́, nítorí lẹ́tà mọ́kànlá mìíràn ló ń dúró dè mí, orí sì ń fọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó kọ ọ́, ìlà mẹ́ta péré ni:

"Láti kékeré ni mo ti ń ṣọdẹ, n kò fi ẹran sílẹ̀ sínú ìrora rí. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló ti ń gbọ̀n, ẹ sọ ọ́ fún mi tààrà. Màá gbé ìbọn kọ́."

Ojú tì mí. Mo ka lẹ́tà náà nígbà mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo sọ ọ́ fún Dádì mi. Akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti dàgbà, wọ́n sì máa ń tẹ̀lé bàbá wọn lọ sí ìgbẹ́ ọdẹ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Wọ́n ń bó ọsàn. Wọn kò gbójú sókè.

"Ìṣísẹ̀ mélòó?"

"Ẹ ní kí ni, Dádì?"

"Láti ibi tí ó dúró sí dé ibi tí ẹran wà. Ìṣísẹ̀ mélòó?"

Wọ́n ní lọ́dọ̀ tiwọn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹran tí ọdẹ bá pa, àfi bí ọdẹ náà bá padà síbi tó dúró sí, tó rìn ín wá, tó ń kà á sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ìṣísẹ̀ ni àwọn àgbà á kọ́kọ́ béèrè, kí wọ́n tó béèrè ibi tí ọta ti bà á.

"O ò bi í?" ni wọ́n wí. "Kí lo wá ń bi í látọjọ́ yìí?"

Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá kọ ọ́ sójú pátákó pé ohunkóhun tó bá ń la afẹ́fẹ́ kọjá, eré rẹ̀ á máa dínkù! Ọta tí kò sáré tẹ́lẹ̀, bó bá rìn jìnnà, kí ni yóò kù nínú eré rẹ̀?

Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣí tíkẹ́ẹ̀tì náà padà, mo ní kí àgbàlagbà náà jọ̀ọ́ kó bá mi rìn ín. Kó tó di ọ̀sán, ó ti dáhùn. Ó fi ọ̀pá rìn ín, ó sì kà á: igba ìṣísẹ̀ ó lé méjìlá.

Mo wá wọ inú àlàyé ọjà lọ wá ibi tí wọ́n ti sọ bó ṣe yẹ kó jìnnà mọ. Kò sí níbẹ̀. Mo ṣí èyí tó gùn, ti àtijọ́. Ó wà níbẹ̀, gbólóhùn méjì tó tẹ̀lé ara wọn: "Ọta yìí máa ń là bí kò tilẹ̀ sáré. Láàárín ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ ló ti máa ń là." Mo ti fagi lé èkejì. Lójú tèmi lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tún sọ.

Gbogbo bí mo ṣe ń bínú sí àwọn tí kò mọ ewé yàtọ̀ sí búlúù, èmi tíṣà ni mo fa ọjọ́ méjì ìrora ẹran náà. Inú bí mi sí ara mi débi pé mo dìde, mo tún jókòó, àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú náà sì fẹ́ dà mí nù.

Mo fi han Dàpọ̀. Ó wò ó, ó wò mí.

"Àǹtí, ẹ sọ fún un pé afẹ́fẹ́ ni. Ta ló máa mọ̀?"

"Ó rò pé ọwọ́ òun ló ń gbọ̀n."

"Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fún yín ní ìwé iṣẹ́ gidi. Ọ̀sẹ̀ méjì, Àǹtí! Ẹ pa á dé, ẹ jàre!"

Mo mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́. Mo ti jókòó sílé fún ọdún kan gbáko kí n tó rí iṣẹ́ yẹn. Síbẹ̀, mo kọ lẹ́tà méjì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo sọ fún ilé iṣẹ́ ọta náà ohun tí mo gé. Mo sì kọ̀wé sí àgbàlagbà náà pé kò sóhun tó ṣe ọwọ́ yín, sà. Gbólóhùn kan ló yẹ kí ẹ rí kà, èmi ni mo fagi lé e.

Wọ́n dá gbólóhùn náà padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́. Wọn kò fún mi níwèé iṣẹ́ gidi náà. Wọ́n fi oṣù mẹ́ta kún àkókò tí wọ́n fi ń dán mi wò, Dàpọ̀ sì pa orúkọ mi rẹ́ lára pátákó fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹni pé mo ti kú. Mo gba ìwé náà níkẹyìn, ṣùgbọ́n ojú mi rí nǹkan kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ni lẹ́tà ìkẹyìn wọlé. Àgbàlagbà náà ní òun ti ri igi mọ́lẹ̀ yí oko òun ká, ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ síbi tí òun máa ń jókòó. Ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kan jáde ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó dúró kọjá àwọn igi náà. Àgbàlagbà náà wò ó títí. Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó sì lọ sílé lọ po tíì fún ìyàwó rẹ̀.

Mo kà á fún Dádì nílé. Wọ́n ní, "Ọdẹ nìyẹn."

Dàpọ̀ ṣì ń yọjú sí tábìlì mi lójoojúmọ́. "Àǹtí Bísí, tíkẹ́ẹ̀tì àgbẹ̀ kan ṣoṣo yìí ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ẹ pa á dé!" Mo máa ń sọ pé mo ti gbọ́, sà. N kò tíì pa á dé.