Kókó Ara Ẹ̀dọ̀ Màmá Mi

Wọ́n rí kókó kan lára ẹ̀dọ̀ màmá mi. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú wọn ní ọsibítù kan ní Jahi fi àwòrán hàn wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má fòyà, Màmá. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kò nílò iṣẹ́ abẹ, kò nílò oògùn. Ẹ kàn máa wá ká máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Nígbà tí à ń padà sílé ní Karu, Màmá yíjú sí mi.

"Wọn ò là mí, wọn ò fún mi lóògùn. Ó ti bọ́ nìyẹn. Kí lẹ fi ń pa mọ́ fún mi?"

"Màmá, òótọ́ ni wọ́n sọ!"

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà ti bàbá yín."

Háà! Nígbà tí bàbá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, Màmá ń ṣàìsàn lọ́dọ̀ mi. Àwọn àgbà ẹbí ní a kì í túfọ̀ fún aláìsàn. Wọ́n ti sin bàbá tán, wọ́n ṣì ń sọ fún Màmá lórí fóònù pé ara bàbá ti ń yá. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò bá a o.

Màmá lọ ra àgbo ẹ̀dọ̀ lọ́jà, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń yọ́ ọ mu. Nígbà tí mo máa rí kẹ́ẹ̀gì àgbo yẹn, ibà pọ́njú ti gba gbogbo ojú wọn.

A tún ya àwòrán. Kókó yẹn wà bó ṣe wà, kò tóbi sí i rárá. Àgbo yẹn ló ti ba ẹ̀dọ̀ tó kù jẹ́. Inú bí mi, àfi bíi kí n wó ilé àwọn àgbà yẹn lulẹ̀. Dókítà pè mí síta, ó ní kò sóhun tí àwọn lè ṣe mọ́.

Mo nu ojú mi, mo wọlé. Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, ṣé n ó dìde níbí?"

"Ẹ ó dìde, Màmá. Ara yín ti ń yá."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Yauwa, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí."

Nínú gbogbo ohun tí mo bá wọn sọ, ìyẹn nìkan ni wọ́n gbà gbọ́.