Alájì Wá Orí Ẹja Dé Kíṣìnì Àwọn Ará Ṣáínà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń pa mí lẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà kan ní Manchester, nígbà tí mo ń lọ sí yunifásítì níbẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni, nígbà tí náírà wa ṣì níyì. Irun kún orí mi nígbà náà o! Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ṣakí ni mí. Ràfíátù, ọmọ Ìsẹ́yìn, ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú kan náà, a sì ti gbà láti fẹ́ ara wa. Ó wá ku kí Alájì, bàbá rẹ̀, fọwọ́ sí i. Alájì ń ṣòwò aṣọ òfì, ó wá ra òwú ní London, ó ní òun á yà wá wo ọmọ òun. Ràfíátù ti sọ̀rọ̀ mi fún un. Èsì tó fún un ni pé òun kò lè fọmọ fún ará Ṣakí tí òun kò tíì bá jẹun rí. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi yẹ̀ mí wò!

Níbo ni kí n mú un lọ? Oúnjẹ òyìnbó kò ní ata. Alájì kò sì ní jẹ ẹran tí kò mọ ẹni tó dú u. Mo bá mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, torí ìrẹsì wọn dára, wọ́n sì máa ń se odindi ẹja.

Alájì dé pẹ̀lú agbádá àti fìlà, ó wọ kóòtù lé e lórí. Nígbà tó rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí àwọn ará Ṣáínà fi ń jẹun, tí wọ́n tò síwájú rẹ̀, ó bi mí bóyá wọ́n fẹ́ ká kọ́kọ́ hun aṣọ ká tó jẹun ni. Ràfíátù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òógùn ti bò mí.

Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ rọra bi mí bóyá kí àwọn gé orí ẹja náà kúrò, torí àwọn oníbàárà àwọn kì í fẹ́ kí ẹja máa wo àwọn lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló sún mi sọ bẹ́ẹ̀? Mo ti pẹ́ láàárín òyìnbó, kò sí ohun tí wọ́n á bi mí tí n kò ní gbà!

Ẹja dé, èéfín ń rú lára rẹ̀. Alájì wò ó láti ìrù dé ọrùn. Ó yí àwo náà po, bóyá orí wà lẹ́yìn.

"Ọmọ Ṣakí."

"Bàbá."

"Ta ló ti jẹ orí ẹja yìí?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílé wa, bàbá ló ni orí ẹja. Mo wá gbé ẹja tí kò lórí síwájú bàbá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́! Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Alájì ní ṣé èmi náà ti di òyìnbó ni, ṣé bí mo bá gbé ọmọ òun sílé, àjẹkù la ó máa gbé síwájú òun? Ràfíátù bẹ̀ ẹ́ títí. Alájì bọ́ kóòtù sílẹ̀, ó kó agbádá lé èjìká, ó ní ẹja kì í ṣe ẹyẹ, orí rẹ̀ kò lè fò lọ, ibi tó bá wà òun á rí i. Ló bá kọrí sí kíṣìnì!

Mo sáré tẹ̀ lé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná, a bá bàbá arúgbó kan lórí àpótí, irun rẹ̀ funfun báláú. Abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ẹja wa ló wà nínú rẹ̀! Obìnrin tó gbé oúnjẹ fún wa sáré dé. Ó ní bàbá òun ni, pé gbogbo orí ẹja tí àwọn bá gé, bàbá náà làwọn máa ń fún.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Alájì. Bàbá náà wo Alájì, ó wo fìlà, ó wo agbádá. Ó rọra dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì na abọ́ náà sí i.

Alájì bú sẹ́rìn-ín! "Háà! Àgbà ló jẹ ẹ́! Kò burú, àgbà ló jẹ ẹ́!" Ó ní kí wọ́n fún òun lómi, ó fọwọ́, ó jókòó ti bàbá náà, ó ní Bísímílà. Èyí ń fi igi mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja, èyí ń fọwọ́ yọ ojú rẹ̀. Alájì ń sọ Yorùbá, bàbá ń fèsì lédè Ṣáínà, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀rẹ́ àtọjọ́mọ́jọ́.

Alájì kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi pè mí. "Ọmọ Ṣakí, nígbà tí àwọn èèyàn rẹ bá ń bọ̀ nílé mi ní Ìsẹ́yìn, ẹja tí wọ́n bá gbé dání gbọ́dọ̀ lórí o."

Ràfíátù pariwo lẹ́yìn mi. Èmi? Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ kíṣìnì tó kún fún epo!

Alájì ti lọ, Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Orí ẹja ti wá kan èmi náà nílé, àfi pé eyín tí mo fẹ́ fi fọ́ ọ kò pé mọ́. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kéèyàn má ṣe yára ka àṣà ilé rẹ̀ sí ohun ìtìjú láàárín àjèjì. Ó lè jẹ́ pé àwọn náà ń ṣe é nínú yàrá ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti bá jẹun rí lẹ́yìn odi, tó ṣe yín bíi pé ilé lẹ wà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, èmi àti Ràfíátù á jọ kà á.