Àwo Ara Ògiri Ìyá Bùnmí

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé tálákà kì í mọ ohun tó dára, ẹ bá mi sọ fún un pé kò mọ Sabina, Ìyá Bùnmí, tí a jọ gbé ilé kan náà ní Ṣómólú láyé àwọn òyìnbó. Yàrá èmi àti tirẹ̀ dojú kọ ara wọn. Èmi Tàwàkálítù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Falilat, ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Òun ń yan ẹja létí ọ̀sà, ní Ìlàjẹ ti Bàrígà, láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ tó ṣí wá láti etí òkun lọ́hùn-ún. Opó ni. Omi ló gbé Lazarus ọkọ rẹ̀ lọ nígbà tí Adébùnmí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì ń rákòrò.

Èéfín ti ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, ó ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n kò rí yàrá rẹ̀ bà jẹ́. Ògiri yàrá náà ni kí ẹ wá wò! Ọkùnrin kan ń ta àwo tánganran ní Fádèyí nígbà náà. Bó bá tú àpótí, tó rí i pé àwo kan ti là tàbí pé ó ti kán létí, á yọ ọ́ sápá kan, Ìyá Bùnmí á sì fi ẹja yíyan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Okùn tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n ló fi ń de àwo náà lẹ́yìn, á wá fi ìṣó gbé e kọ́ sára ògiri tó ti fi ẹfun kùn. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà ni pé kì í dá ọ̀kan kọ́. Ńṣe ló ń jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, kí ara èyí tó wà lókè lè bo ibi tí ti ìsàlẹ̀ ti kán. Ẹni tó bá wọlé, odidi àwo ló máa rò pé òun ń wò: èyí tó ní òdòdó pupa, èyí tí etí rẹ̀ ń dán bíi wúrà, àti èyí tó ní ẹyẹ aláwọ̀ aró, tó jẹ́ ààyò rẹ̀.

Bó bá ti etí ọ̀sà dé nírọ̀lẹ́, á wẹ̀, á tan àtùpà, á jókòó sórí ẹní, á máa wò wọ́n. Inú rẹ̀ á dùn débi pé á máa dá rẹ́rìn-ín. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Bùnmí, ṣé àwo tí ẹ ò lè fi jẹun yìí lẹ tún ń fi ẹja rà?"

"Ìyá Falilat, ṣé ẹnu nìkan ni Ọlọ́run dá mọ́ ẹ lára ni? Ojú ńkọ́?"

Bùnmí ni kì í wo ògiri náà mọ́. Ó ti kàwé débi tó lè kà á dé, ó ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó sì ti rí ọkọ. Babájídé ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà, akọ̀wé ni, ìyá rẹ̀ sì ń ta aṣọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá mọ ilé ìyàwó, ẹ̀rù ba ọmọ yìí. Ó ń rò pé bí wọ́n bá rí ilé tí òun ti jáde wá, wọ́n á padà lẹ́yìn òun. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó tú àwọn àwo náà kúrò. Ìyá rẹ̀ ní ohun tó dára jù tí òun ní láyé nìyẹn, ṣé àna lòun á wá kó o pamọ́ fún?

Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n dé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ezekiel, àbúrò Lazarus, ló wá dúró bíi bàbá ìyàwó. Ọ̀dọ̀ àwọn apẹja ló ń gbé, kì í sábà dé ilé wa. Èmi ń bá Ìyá Bùnmí gbé oúnjẹ, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ọ̀bọ̀kún. Kí ìyá ọkọ, Gbémisọ́lá, tó jókòó ló ti rí ògiri. Ó patẹ́wọ́.

"Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ni yàrá yìí mọ ohun tó dára. Àfi kí wọ́n bá mi fi àwo ẹlẹ́yẹ yẹn bu oúnjẹ tèmi!"

Àwàdà ló ń ṣe. Ìyá Bùnmí rẹ́rìn-ín, ó sì ti ń bu oúnjẹ sínú àwo mìíràn. Ezekiel kò mọ nǹkan kan. Ó ti dìde fùú.

"Ilé yín nibí, ìyá wa. Kí ló dé tí ẹ ò ní fi jẹun?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó ti já àwo ẹlẹ́yẹ kúrò lórí ìṣó. Àwo tó dì mú lọ́wọ́, ìdajì etí rẹ̀ ti kán. Èyí tó kúrò lára ògiri sì tú àṣírí àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n ti kán yọ síta bí eyín arúgbó. Ìyá Bùnmí wo ilẹ̀, ó wá gbójú sókè, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Bùnmí ọmọ rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Àwọn àwo yẹn kì í ṣe tiwa. Ti Ìyá Falilat ni. Yàrá wọn ló ń jò, ni wọ́n ṣe kó wọn sọ́dọ̀ wa."

Èmi rèé, omi ìfọwọ́ wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo wo Ìyá Bùnmí, ó sì rọra fi orí sọ fún mi pé kí n gbà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo wí. "Tèmi ni."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Àwo tó kán kọ́ ló tì mí lójú. Mo rí ojú ìyá tí ọmọ rẹ̀ sẹ́ ohun tó fẹ́ràn jù lójú àlejò, mo sì bá ọmọ náà sẹ́ ẹ. Gbémisọ́lá wo àwo, ó wò mí, ó ní, "Ẹ kú ọgbọ́n o," ó sì fọwọ́ sínú omi. Wọ́n jẹun, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dá ọjọ́ ìdána.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbọ́ tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi. Ìyá Bùnmí ni, ó kó àwọn àwo náà sínú agbọ̀n ẹja.

"Ìyá Falilat, ẹrù rẹ rèé."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bínú sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò bínú.

"Ọmọ mi ti sọ lójú àna pé tìrẹ ni. Bí wọ́n bá padà wá, tí wọ́n bá a lára ògiri mi, òpùrọ́ ni wọ́n á máa pè é nílé ọkọ. Ọmọ ẹni kò ní burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ."

Òun fúnra rẹ̀ ló kan ìṣó mọ́ ògiri mi, tó sì tò wọ́n síbẹ̀ bó ṣe máa ń tò wọ́n. Láti ìgbà náà lọ, bó bá ti wẹ̀ tán nírọ̀lẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ìyá Falilat, ṣé kí n wá wo àwo rẹ díẹ̀?"

Àwo mi! Inú á bí mi, ojú á sì tún gbà mí tì. Bí mo bá ní kó kó wọn padà, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bí Bùnmí bá ń kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀ tó rí ìyá rẹ̀ lórí ẹní mi, ńṣe ló máa ń yára kọjá.

Wọ́n ṣègbéyàwó, ó dùn, ó lárinrin. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Bùnmí wá kí wa, ó gbé búrẹ́dì lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní mi bó ṣe máa ń wà. Ọmọ náà kò wọlé tán, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, èmi ló sì dojú ọ̀rọ̀ kọ.

"Ìyá Falilat, ìyá ọkọ mi ló rán mi sí yín. Wọ́n ní àwọn ní àwo kan tí ìyá tó bí wọn fi sílẹ̀ fún wọn, tó fọ́ nígbà tí wọ́n ń kó lọ sílé tuntun. Wọn ò lè fi jẹun, wọn ò sì lè kó o dànù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá síbí ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ògiri yìí. Wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wá bá àwọn tò ó sí pálọ̀. Wọ́n ní..." Ó wo ìyá rẹ̀ fìrí. "Wọ́n ní àwọn ò tíì rí ẹni tójú rẹ̀ mọ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí."

Mo ti pa irọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní pa á lẹ́ẹ̀kejì. Mo yíjú sí Ìyá Bùnmí. Kò gbójú kúrò lára ògiri.

"Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé Ìyá Falilat á wá," ló wí.

"Màmá..."

"Á wá. Ṣebí òun ló ni àwo?"

Bùnmí kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí, búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ ni í. Ẹ̀yin lẹ tò ó."

Ìyá rẹ̀ wá wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ì bá tiẹ̀ sàn ká ní ìbínú ni.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mò ń sọ, ọmọ mi."

Ọmọ náà kò lè gbójú sókè. Mo dìde, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo lọ jókòó ti kẹrosíìnì mi lẹ́nu ọ̀nà, mo fi yàrá sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì.