Ìdí tí Alfa fi gé táìsì mi

Inú bí mi láàárọ̀ yìí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lé Alfa tó ń bá mi tẹ́ táìsì sí pálọ̀ lọ.

Táìsì onífíìtì méjì tí mo rà, gígé ló ń gé e!

"Alfa, kí ló dé tí ẹ̀ ń ba táìsì mi jẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ìbú pálọ̀ yín jẹ́ fíìtì mẹ́jọ, gígùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Onífíìtì méjì á pé mẹ́jọ, kò ní pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá rí onífíìtì mẹ́ta rà, á pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò ní pé mẹ́jọ. Onífíìtì kan nìkan ló lè wọ méjèèjì láìgé e."

Ọ̀rọ̀ wọn rán mi létí ìbéèrè kan.

Lánàá ni ọmọbìnrin kan ní kíláàsì ìṣirò mi béèrè pé: "Mà, méjì pín mẹ́jọ, mẹ́ta pín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Báwo ni mẹ́jọ àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe wá jẹ́ relatively prime?" Ìyẹn ni pé kò sí nọ́ńbà kan tó pín àwọn méjèèjì dọ́gba àfi oókan. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé, ni mo bá ní kó jókòó.

Mo pe ìyá rẹ̀, mo ní kí wọ́n fún ọmọ ní fóònù. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì sọ ọ̀rọ̀ táìsì náà fún un.

Ó pariwo: "Ah! Kálukú ló ní nọ́ńbà tó ń pín in, oókan nìkan ni wọ́n jọ ní! Mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá náà rí bẹ́ẹ̀, àbí, mà?"

Omi ayọ̀ bọ́ lójú mi.

Alfa, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló là yín lójú sí ohun tí ẹ rò pé ẹ ti mọ̀?